Ọkọ̀ Akérò Ọ̀nà Àfonífojì Odò Ọbà: Kí Ni A Lè Ṣe Kí Ó Má Bàa Fi Wá Sílẹ̀?

Olùkọ́ Ìsàlẹ̀ Odò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àfonífojì Odò Ọbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi àti ẹbí mi ń gbé. Ẹni tó bá mọ agbègbè náà mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti yà kúrò lórí títì Ọ̀yọ́, ọ̀nà pupa ni yóò bá. Ọ̀nà náà yóò gba àárín oko kaṣú àti oko ẹ̀gẹ́ kọjá, lẹ́yìn náà ni yóò dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ títí dé etí odò, kí ó tó tún gun òkè lọ sí àwọn abà tó wà lódìkejì. Gbogbo rẹ̀ kò ju kìlómítà 14 lọ. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ló ń ná ọ̀nà yìí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi lọ síbẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, àràárọ̀ ló ń bọ̀. Nígbà tó yá, ó di ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ní báyìí, ọjọ́ ọjà nìkan ni a ń rí i, bí òjò bá sì rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà, a kì í rí i rárá.

Ọ̀kadà ni mo ń gùn ní àwọn ọjọ́ yòókù, owó rẹ̀ sì ti ń jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù mi lọ. Ní oṣù tó kọjá, ọ̀kadà tí mo gùn yọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, èmi àti àpò ìwé àwọn ọmọ sì bá ara wa nínú ẹrẹ̀. N kò fara pa púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìdánwò ọmọ mẹ́rìnlélógún ni mo sá sórí koríko lọ́jọ́ náà bí ẹni ń sá láfún.

Ohun tí mo fẹ́ bèèrè ni èyí: ẹ̀yin tí ọkọ̀ akérò ṣì ń wọ abúlé yín, kí ni ẹ ṣe tí kò fi sá lọ? Ta ni ó yẹ kí a kọ ìwé sí nípa ọ̀nà náà? Àbí kí n kúkú gba yàrá sí abúlé, kí n máa wá sílé ní òpin ọ̀sẹ̀?

Awakọ̀ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Olùkọ́, ẹ kú ewu. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa ọkọ̀ akérò kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, mo ti ná títì ńlá, mo sì ti ná ọ̀nà oko. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kì í ṣe kòtò ni ọkọ̀ ń sá fún, òfìfo ni. Awakọ̀ tó mọ̀ pé ọkọ̀ òun yóò kún lálọ, tí yóò sì kún lábọ̀, yóò gba inú ẹrẹ̀ kọjá, yóò sì máa fi ẹnu súfèé. Ẹni tó ń gbé èrò lọ, tó wá ń gbé àga lásán bọ̀, ni yóò máa sọ fún yín pé ọ̀nà kò dára.

Ẹ jẹ́ kí a ka ìrìn ọkọ̀ náà bí ẹni ń ka owó. Mo gbà pé ìlú ni awakọ̀ yín ń gbé, ìlú náà sì ni ọkọ̀ ń sùn. Kí ó lè kó àwọn oníṣòwò àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama wá sí ìlú ní kùtùkùtù, ó ní láti jí ní nǹkan bí aago mẹ́rin àbọ̀, kí ó wa ọkọ̀ òfìfo lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Kò sí ẹni tó san kọ́bọ̀ fún un ní ìrìn kìíní yẹn. Yóò kó wọn dé ìlú, yóò wá gbé ẹ̀yin olùkọ́ lọ, ẹ kò sì tó mẹ́rin. Ní ọ̀sán, yóò gbé yín bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò dá àwọn oníṣòwò padà sílé wọn, lẹ́yìn èyí ni yóò tún wa ọkọ̀ òfìfo gun òkè náà bọ̀ wá sílé tirẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìrìn mẹ́fà ni a kà yẹn. Méjì nínú wọn kún, méjì dé ìdajì, méjì jẹ́ àdánù pátápátá. Nígbà tí lítà epo bẹntiróòlù kan kò tíì tó 200 náírà, awakọ̀ lè gbójú fo irú àdánù bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí iye lítà kan sì fò kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìrìn òfìfo méjì yẹn nìkan ti tó láti lé ènìyàn kúrò lórí ọ̀nà.

Nítorí náà, kí a tó sọ ohunkóhun nípa ìjọba tàbí nípa katapílà, ẹ dá mi lóhùn: ọkọ̀ yín, níbo ló ń sùn?

Olùkọ́ Ìsàlẹ̀ Odò

Bàbá, ẹ ṣeun. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rò ó náà ni. Ìlú ló ń sùn, ní iwájú ilé awakọ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ibi tí ọkọ̀ ń sùn kàn wá.

Awakọ̀ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ó kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ọkọ̀ náà bá ń sùn ní abúlé, ìrìn kìíní rẹ̀ yóò kún ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Yóò dé ìlú, yóò gbé ẹ̀yin olùkọ́ ní nǹkan bí aago méje ku mẹ́wàá, ẹ ó sì dé kí agogo ilé-ẹ̀kọ́ tó lù ní aago mẹ́jọ. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń gbé yín bọ̀. Aago mẹ́rin àbọ̀, ó ń kó àwọn ọlọ́jà lọ sílé, ó sì ti sùn nìyẹn. Ìrìn mẹ́rin dípò mẹ́fà, kò sì sí òfìfo kan nínú wọn. Epo tí ó ń jó dànù tẹ́lẹ̀ di èrè rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi náírà kan lé owó ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kò lè sọ fún ọkùnrin pé kí ó wá máa sun inú ọkọ̀. Ẹ fún un ní yàrá tí òjò kì í jò, kí ẹ sì wá ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí tí ewúrẹ́ kò ní máa gun orí rẹ̀. Ní abúlé kan tí mo ná rí, ìyẹ̀wù kan ní ilé baálẹ̀ ni wọ́n fún mi, oúnjẹ alẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ bínú, ó ní bóyá mo ti ní ilé méjì. Ẹ rí i dájú pé ẹ bá ìyá ilé náà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá bàbá ilé sọ ọ́.

Ọ̀dọ́ Ọlọ́kadà

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ẹ ń gbèrò láti gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Àwa ni a ń gbé ènìyàn nígbà tí bọ́ọ̀sì kò wá. A kì í dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá kún, a kì í pariwo “ó ku ẹnì kan” títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kadà yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ rántí pé bọ́ọ̀sì náà a máa rì sínú ẹrẹ̀, àwa náà ni a sì ń tì í.

Oníṣòwò Gàrí

Ọmọ mi, kò sí ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ. Ta ni yóò gbé ènìyàn láti etí títì wọ abà tí bọ́ọ̀sì kò lè wọ̀? Ta ni yóò sáré gbé oògùn wá ní ọ̀sán gangan? Ṣùgbọ́n àpò gàrí mẹ́fà kò ṣeé gbé sórí ọ̀kadà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti rí ẹni tó gbìyànjú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ ọjà, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ Olùkọ́ ti dojú rú.

Ọjà ọrún ni ọjà wa. Bí a bá ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn bí àwọn baba wa ti ń kà á, ọjọ́ márùn-ún ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yí. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, èyí tó tẹ̀lé e yóò bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn náà Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kí ó tó tún padà sí ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ 28 ni ó fi ń yípo. Nínú ọjọ́ 28 náà, ọjà méje ni a ń ná, méjì nínú wọn á sì bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ kò sí. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ogún ọjọ́ tí Olùkọ́ ń lọ síbi iṣẹ́, ọjọ́ márùn-ún péré ni ọkọ̀ ọjà lè bá a mu. Ẹni tó ń ka ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje kò lè bá ẹni tó ń ka ọrún pàdé ní gbogbo ìgbà. Awakọ̀ kò ṣe ohun tó burú, ọrún ló ń kà.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má ṣe bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa wá lójoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bá a dá ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, kí gbogbo ọjọ́ ọjà sì tún kún un. Ọjọ́ tí méjèèjì bá bọ́ sí ara wọn, inú yín á dùn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sára pátákó kan ní iwájú ilé-ẹ̀kọ́, kí ọmọ kíláàsì karùn-ún kan máa yí i padà lóṣooṣù. Ìṣirò gidi ni, ó sì sàn ju èyí tí wọ́n ń kọ́ nínú ìwé lọ.

Ohun kejì ni ẹrù. Bàbá Awakọ̀ sọ pé ìrìn òwúrọ̀ tó ń gbé olùkọ́ lọ dé ìdajì. Kí ni ó dé tí àga tó kù yóò fi ṣófo? Búrẹ́dì, iyọ̀, ọṣẹ, àpò ajílẹ̀, yìnyín àwọn tó ń ta omi tútù, gbogbo rẹ̀ ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù abúlé ń rán ọlọ́kadà lọ rà. Kí wọ́n para pọ̀ rán awakọ̀. A ń pe Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, ṣùgbọ́n èlùbọ́ àti láfún tí a fi ń ro ọkà yẹn, abúlé ni ó ti ń wá. Bí ọkọ̀ kò bá gbé e jáde, kí ni ìlú yóò jẹ kí ó tó mu ẹ̀kọ?

Ẹ sì fi ọ̀rọ̀ owó ẹrù hàn kedere. Ìjà tí mo rí jù lọ ní garéèjì kì í ṣe ti owó èrò, ti àpò ni: awakọ̀ yóò wo àpò nígbà tí wọ́n bá ti so ó sórí ọkọ̀ tán, yóò wá pe iye tó wù ú. Ẹ dá iye kan fún àpò ńlá, kí ẹ dá òmíràn fún agbọ̀n, kí ẹ sì kọ ọ́ sára pátákó kan náà. Láyé ìgbà tí èmi ń bá ìyá mi lọ sọ́jà, bọ́lẹ́kájà onípákó ni a ń wọ̀, orúkọ náà kò sì ṣàdédé wá.

Oníṣẹ́ Ọ̀nà

Mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́, èmi náà sì fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ nípa òfìfo. Síbẹ̀ kí a má fi ọ̀nà ṣeré. Bí ọkọ̀ bá ń sùn ní abúlé, tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn sì di ọṣẹ ní òru, ọkọ̀ náà yóò há sí ìsàlẹ̀ odò ni, gbogbo ètò yín yóò sì há pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀tá ọ̀nà yangí kì í ṣe ọkọ̀. Omi ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yín, ilẹ̀ tútù gan-an ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀. Ẹ lọ wo ọ̀nà náà nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú agboòrùn, kí ẹ dúró sórí òkè, kí ẹ fi ojú bá omi lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ ó rí i tí omi ń ṣàn ní àárín ọ̀nà, nínú ipa táyà, bí ẹni pé òun ni wọ́n la ọ̀nà fún. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti kún fún koríko àti iyanrìn, nítorí náà omi kò rí ibòmíràn gbà.

Ọ̀nà tó dára gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yìn bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí àárín rẹ̀ ga ju etí rẹ̀ lọ. Bí ọ̀nà náà bá fẹ̀ tó mítà 5, ó yẹ kí àárín fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 ga ju etí méjèèjì lọ. Ẹ ta okùn láti àárín sí etí, kí ẹ fi ike omi tí ẹ dùbúlẹ̀ wo bóyá okùn náà tẹ́jú, kí ẹ wá fi rúlà wọn àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní etí ọ̀nà. Ibi tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, omi yóò jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni gọ́tà. Kí ẹ má ṣe gbẹ́ ẹ tààrà láti òkè dé odò, nítorí omi tó bá sáré jìnnà ń kó agbára jọ, yóò sì gbẹ́ gọ́tà náà di kòtò tí yóò jẹ ọ̀nà mọ́ ọn. Ní gbogbo ogún tàbí ọgbọ̀n mítà, ẹ la ẹnu kan fún un kí ó yà sínú igbó. Ẹ bá olóko sọ̀rọ̀ kí ẹ tó darí omi sí oko rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ẹ ń tún ọ̀nà ṣe, ẹ ń ba àárín ara yín jẹ́.

Ojú omi abẹ́ ọ̀nà, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní kọ́fátì, ẹ kó ohun tó dí i jáde kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ike, ewé àti ẹ̀ka igi ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin àti ṣọ́bìrì méjì lè parí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ní ti kòtò, mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń da iyẹ̀pẹ̀ tútù, èèpo ẹ̀gẹ́ tàbí imọ̀ ọ̀pẹ sínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lò. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́n omi àti ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ gé etí rẹ̀ kí ó dúró ṣánṣán, kí ẹ kó òkúta sí ìsàlẹ̀, kí ẹ wá da yangí tó ní ọ̀rinrin díẹ̀ lé e ní ìpele-ìpele, kí ẹ máa fi igi gún un bí ẹni ń gún iyán. Yangí tó gbẹ táútáú kì í dì mọ́ra, èyí tó sì rọ̀ bí ẹ̀kọ kì í dúró. Bí ẹ bá fún un ní ìkúùkù lọ́wọ́, tó dúró bí ẹ̀bà láìjẹ́ pé omi jáde lára rẹ̀, ìgbà náà ni ó tó. Ẹ jẹ́ kí ó yọ díẹ̀ ga ju ojú ọ̀nà lọ, táyà ni yóò tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ó le díẹ̀. Bí tipà tó ń kó iyanrìn odò bá ń gba ọ̀nà yín ní ọjọ́ òjò, gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí yóò di asán. Ẹ bá wọn ṣe àdéhùn pé kí wọ́n dúró di ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ fà díẹ̀.

Akọ̀wé Àgbà

Olùkọ́ bèèrè ẹni tí ó yẹ kí a kọ ìwé sí, kò sì sí ẹni tó tíì dáhùn. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ ló ń sọnù nítorí pé ilé tí kì í ṣe ti wọn ni wọ́n gbé wọn lọ. Títì ńlá láti Ìbàdàn gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin, ti ìjọba àpapọ̀ ni, ẹ sì mọ bí apá Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 52, ṣe falẹ̀ lẹ́yìn tí apá yòókù ti parí. Ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó gba Fápọ̀tẹ̀, tó sì ju kìlómítà 76 lọ, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ṣe é. Ọ̀nà oko bíi tiyín, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ín. Ó wà nínú Àfikún Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 pé ṣíṣe ọ̀nà àti gọ́tà àti mímójú tó wọn jẹ́ ara iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ ìwé sí alága káńsù, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù yín, kí baálẹ̀ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i. Ẹ má ṣe kọ pé “ọ̀nà wa ti bàjẹ́, ẹ ràn wá lọ́wọ́.” Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kún orí tábìlì wọn. Ẹ kọ iye kìlómítà, iye ojú omi tó ti wó, iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba ibẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun kan ṣoṣo tó ṣeé ṣe: katapílà fún ọjọ́ méjì láti gbé ẹ̀yìn ọ̀nà náà sókè, àwọn ará abúlé yóò wá ṣe gọ́tà fúnra wọn. Ẹ fi àwòrán méjì sí i. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ “a ti gbà á” lé lórí, nítorí ẹni tó bá ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n ń dá lóhùn bí ó bá padà lọ.

Nọ́ọ̀sì Abúlé

Ohun kékeré kan ni mo fẹ́ fi kún un. Bí ọkọ̀ bá ń sùn ní abúlé, a ti rí ọkọ̀ aláboyún nìyẹn. Ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ wá kì í mọ ọrún, kì í sì í mọ ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú àdéhùn yín pé awakọ̀ yóò jí bí a bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru, kí àpò kan sì wà tí a ó ti san owó epo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má máa wá owó kiri nígbà tí obìnrin ń rọbí. Kí gbogbo ilé sì mọ nọ́ńbà 122 ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lórí títì.

Awakọ̀ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Nọ́ọ̀sì rán mi létí ìsọ̀kalẹ̀ yẹn. Ẹ bá awakọ̀ yín sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan a máa pa ẹ́ńjìnnì ní orí òkè, kí ọkọ̀ máa yí fúnra rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kí wọ́n lè fi epo pamọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò tẹ búrékì tí yóò fi le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ni ó ń bá ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Gíà tí ó yẹ kí ó fi gun òkè náà ni ó yẹ kí ó fi sọ̀ ọ́. Ẹni tó bá jókòó ní iwájú yóò gbọ́ ọ: bí ẹ́ńjìnnì bá ń kùn, ọkàn yín balẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, tí ẹ ń gbọ́ afẹ́fẹ́ nìkan, ẹ pariwo.

Ọ̀dọ́ Ọlọ́kadà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwa ni a ó máa gbé èrò láti ibùdókọ̀ wọ àwọn abà, èmi kò ní ìjà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ owó tiwa náà sára pátákó yẹn.

Oníṣòwò Gàrí

Ìyẹn tọ́. Kí wọ́n kọ ọ́.

Olùkọ́ Ìsàlẹ̀ Odò

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti bèèrè, mo sì jẹ yín ní ìròyìn.

A pe ìpàdé ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Baálẹ̀ fi yàrá kan sílẹ̀ fún awakọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti máa sùn níbẹ̀ lójoojúmọ́. Òru ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni ó gbà, kí ó lè wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí a dá, àti òru tó ṣáájú ọjọ́ ọjà bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ mìíràn. A lọ kí ìyàwó rẹ̀ nílé gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti sọ, a gbé iṣu mẹ́wàá dání. Ó ní òun ti ń fura tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpò tí a ó jọ máa dá owó ọkọ̀ sí kò rọrùn. Àwọn kan fẹ́ kí a san owó ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, àwọn mìíràn sọ pé awakọ̀ tó bá ti gba owó kì í rántí ọ̀nà. Ibi tí a wá fàbọ̀ sí ni pé akápò yóò máa gba owó náà bí èsúsú, yóò sì san án fún awakọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dé, kì í ṣe ṣáájú. Bí èrò ìrìn òwúrọ̀ kò bá tó márùn-ún, àpò náà yóò san ti àga tó ṣófo. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni a ti lo owó náà, nítorí búrẹ́dì ti gba àwọn àga tó kù. Mo ń jókòó ti páálí búrẹ́dì gbígbóná láti garéèjì dé ilé-ẹ̀kọ́, òórùn rẹ̀ sì ń bá mi wọ kíláàsì.

Ìwé wa ti wà ní káńsù, a sì ní ẹ̀dà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù. Katapílà kò tíì wá. Àwọn ọkùnrin abúlé gbẹ́ gọ́tà apá òkè fún Àbámẹ́ta méjì, wọ́n sì la ẹnu mẹ́rin fún omi. Apá ìsàlẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, nítorí olóko kan kò gbà kí omi yà sínú oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. A ṣì ń bẹ̀ ẹ́.

Ní òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, òjò ńlá rọ̀. Mo jí ní ìlú, mo sì ti gbà pé kò ní sí ọkọ̀, mo tilẹ̀ ti ń ka owó ọ̀kadà sọ́tọ̀. Ní aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mo rí bọ́ọ̀sì náà ní garéèjì, ẹrẹ̀ ti bò ó dé ojú fèrèsé, àwọn ọmọ girama sì ń bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Mo bi awakọ̀ bí ó ṣe rí ọ̀nà gbà. Ó ní òun jí ní aago márùn-ún, òun mú iná tọ́ọ̀ṣì, òun fi ẹsẹ̀ rin gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè kí òun tó tanná sí ọkọ̀. Omi ń yà sínú igbó ní ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí gọ́tà kò sí, àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀, wọ́n tì í. Ó wá sọ fún mi pé kí n sọ fún ọ̀gá mi pé bàtà ọmọ méjì ṣì wà nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá bá wọn yọ ọ́.